Fíìmù tí a kò ní láti túmọ̀ fún Bàbá Ọdẹ

Ohun tó yà mí lẹ́nu lálẹ́ àná ni pé Bàbá Ọdẹ kò sùn. Àbúrò bàbá mi ni. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọdẹ láti ẹ̀yìn Ìsánlú níbí títí dé apá Ẹ̀gbẹ̀, kò sì sí fíìmù tí a gbé kalẹ̀ tí kò ní máa hanrun kí àwọn òṣèré tó kí ara wọn tán. Ó ní ariwo wọn ti pọ̀ jù, pé ohun tí ojú ti rí ni wọ́n tún ń fi ẹnu rò. Àwọn ọmọ wà nílé fún ìsinmi, ọyẹ́ mú gan-an, NEPA sì ṣàánú wa. Mo bá ki fláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n.

Alpha ni fíìmù náà ń jẹ́. Albert Hughes ló darí rẹ̀. Wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú léraléra kí ó tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, nígbà tó sì jáde, owó tó pa káàkiri ayé kò tó mílíọ̀nù 100 dọ́là, èyí tí kò jọ àwọn onífíìmù ńlá lójú. Gbogbo akọni tó ń fò lójú sánmọ̀ ni àwọn ọmọ mi mọ̀ lórúkọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti gbọ́ nípa èyí rí. Ó dùn mí díẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ni, ní 20,000 ọdún sẹ́yìn, láyé yìnyín. Keda, ọmọ olórí ẹ̀yà kan, bá bàbá rẹ̀ lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹran kan tó jọ ẹfọ̀n, àmọ́ tó nírun ju ẹfọ̀n lọ, gbé e sọ sí ọ̀gbun, ó há sórí àpáta níbi tí ọwọ́ kankan kò tó. Bàbá rẹ̀ gbà pé ó ti kú. Wọ́n to òkúta jọ fún un bí a ti ń ṣe fún òkú, wọ́n sì lọ. Ìgbà tí ọmọ náà yóò fi jí, ẹsẹ̀ ti bàjẹ́, ilé jìn, òtútù sì ń bọ̀. Ìkookò kọlù ú, ó gún ọ̀kan lọ́bẹ, àwọn yòókù lọ, èyí tó gún kò lè lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni láyé yìí. Christine Schreyer, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn kan ní Kánádà, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ fún wọn, wọ́n wá kọ ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni mò ń bẹ̀rù, torí Bàbá kò kàwé. Ọmọ mi obìnrin ti jókòó tì í, ó ti múra láti máa ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Kò tíì kà jìnnà tí Bàbá fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. “Dákẹ́ jàre, mo ti rí i.”

Ó sì rí i lóòótọ́. Àwa tó mọ̀wé, ìsàlẹ̀ ni à ń wò. Òun, ọwọ́ àti ojú wọn ló ń wò. Nígbà tí Keda di ìkookò náà lẹ́nu kí ó má bàa gé e jẹ, tó wá ń fún un lómi, Bàbá ń mi orí. Nígbà tó rí ẹran kékeré pa, tí ìkookò nàgà sí i, tí ọmọ náà tì í sẹ́yìn, tó jẹ tirẹ̀ kí ó tó fún un, Bàbá lu itan. “Ẹ wò ó! Ó mọ̀ ọ́n!” Ọmọ mi ọkùnrin ní ahun ni Keda. Bàbá wá là á yé e pé ajá tó bá ń ṣáájú ọdẹ jẹun yóò rò pé òun ni ọ̀gá. Àmọ́ ọdẹ tó bá gbàgbé ìpín ajá, kí ó múra àti dá nìkan wọgbó.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú fíìmù náà jù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ fíìmù ọmọdé àti ẹranko tí mo ti wò, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ rí ajá, ajá rí ọmọ, orin bẹ̀rẹ̀. Níbí, ẹni tó gún ọ lọ́bẹ ló ń fún ọ lómi, ẹni tó fẹ́ pa ọ́ jẹ lo sì ń bá pín ẹran. Omi ló kọ́kọ́ wá, oúnjẹ tẹ̀lé e, iṣẹ́ tẹ̀lé oúnjẹ: ìkookò lé ẹlẹ́dẹ̀ igbó wá, ọmọ lúgọ dè é. Ọ̀rẹ́ kò tíì wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ìgbà tí àwọn ará ìkookò náà dé lóru tó bá wọn lọ, tó ku ọmọ náà nìkan, ni mo tó mọ̀ pé ó ti di ọ̀rẹ́. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Níbí, ọdẹ ló sọnù.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí ajá ti di ará ilé. Àmọ́ ní 1914, àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Oberkassel, lẹ́bàá Bonn ní Jámánì, kan sàréè ọkùnrin kan àti obìnrin kan, egungun ọmọ ajá sì wà pẹ̀lú wọn. Ó ti tó bí 14,000 ọdún. Eyín ajá náà fi hàn pé àìsàn líle ti ṣe é ní kékeré, irú èyí tí ọmọ ajá kì í yè nínú rẹ̀ bí ènìyàn kò bá tọ́jú rẹ̀. Ajá tó dùbúlẹ̀ àìsàn kò lè lé ẹran fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ wọ́n tọ́jú rẹ̀. Látìgbà tí mo ti kà á, mi ò rí ìtàn Keda bí àlọ́ lásán mọ́.

Ibi tí a ń gbé náà wà nínú rẹ̀. Bàbá kì í wọ igbó jíjìn mọ́. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti dé igbó Yàgbà, oko tí kò jìn sí títì là ń lọ, a sì ń tètè padà. Ibi tí a ń sọ pé “ẹ má dé ibẹ̀” nìkan ni igbó jẹ́ fún àwọn ọmọ mi. Bàbá Keda fín ìràwọ̀ sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè fi wá ọ̀nà ilé. Bí ọmọ mi ọkùnrin ti rí ìyẹn, ó sáré jáde lọ wo ojú ọ̀run. Kùrukùru ọyẹ́ ló bá pàdé.

Fíìmù náà ní àléébù o. Àárín rẹ̀ fà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe àwọn ẹranko kan, ó sì hàn. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà lè bẹ̀rù. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n pa ẹran gidi nítorí rẹ̀, tí ẹgbẹ́ tó ń rí sí ẹranko nínú fíìmù ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ láti fún wọn ní ẹ̀rí pé ẹranko kankan kò fara pa. Irú fíìmù yìí kẹ̀! Mi ò sọ èyí fún àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tó dá ariwo sílẹ̀ ni ti bàbá Keda. Ìyàwó mi ní kò sí bí òun ṣe máa fi ọmọ òun sílẹ̀ lórí àpáta láìfọwọ́ kàn án. Bàbá ní olórí ọdẹ kì í ṣe bàbá ẹnìkan ṣoṣo nínú igbó, pé òtútù ń bọ̀, gbogbo ilé sì ń retí ẹran. “Ẹ dákun Bàbá, ẹ̀yin ọkùnrin lẹ máa ń rí irú ìyẹn sọ.” Ọmọ mi ọkùnrin ní kí wọ́n ju okùn sí i. Bàbá bi í léèrè pé okùn wo. Ẹnu ni wọ́n wà títí NEPA fi mú iná lọ.

Mi ò ní sọ bó ṣe parí, àfi pé ọmọ ajá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti di tèmi báyìí. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ tirẹ̀. Bàbá ní òun mọ ẹnìkan ní Mọ̀pà tí ekuke rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá wọn ní kò burú, bí kò bá ti wọ pálọ̀ òun. Ẹni tí yóò máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀ ni a kò tíì yàn.