Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọyẹ́ Bá Abọ́ Igi Máńgòrò Yín Níta

Abọ́ igi mọ́kànlá ni mo kọ́kọ́ yí lórí ẹ̀rọ, èyí tí ń yí igi bírí bí a ti ń fi irin mímú gbẹ́ ẹ, mẹ́sàn-án nínú àwọn abọ́ náà ni ó sì sán. Ara igi máńgòrò kan tí ìjì wó ní àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ni mo ti gé wọn. Ìparí oṣù kọkànlá ni mo yí wọn ní tútù, mo sì sá wọn sórí pèpéle nínú oòrùn bí ẹni ń sá èlùbọ́, kí wọ́n lè tètè gbẹ. Ọyẹ́ dé bá wọn níbẹ̀. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ibi tí wọ́n ti là gba owó kọ́bọ̀. Méjì tí kò sán ni èyí tí mo gbàgbé sábẹ́ òkìtì èérún igi nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sì kọ́ mi níṣẹ́.

Omi kì í jáde lára igi bákan náà níbi gbogbo. Ojú ibi tí ayùn ti gé ìtì ní ìbú ni àwọn ihò tín-ín-rín tí igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò ti yanu síta, omi a sì máa yára jáde níbẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ igi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú ibẹ̀ bá ti gbẹ tí ó sì ti súnkì nígbà tí inú ṣì tutù, kò sí ohun tí yóò ṣe ju kí ó sán lọ.

Nítorí náà, ọjọ́ tí mo bá gé igi náà ni mo ń là á sí méjì, tí mo sì ń gé mùdùnmúdùn àárín rẹ̀ dànù, nítorí ibẹ̀ ni sísán ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí n kò bá lè yí lójú ẹsẹ̀, mo ń fi àbẹ́là yíyọ́ tàbí ọ̀dà tó ṣẹ́kù kun orí rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí mo bá ń yí i ní tútù, mo ń jẹ́ kí ara abọ́ náà nípọn tó ìdá mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀: abọ́ tí ó fẹ̀ ní 25 sẹ̀ǹtímítà yóò nípọn ní 2.5. Bí ó bá ń gbẹ, yóò wọ́, yóò sì dà bí ẹyin. Ara tí a fi sílẹ̀ yìí ni a óò tún yí kúrò kí ó lè padà rí róbótó.

Lẹ́yìn èyí, mo ń fi èérún tirẹ̀ kún inú rẹ̀, mo ń fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì tí a ti gbọ̀n dáadáa wé e, mo sì ń gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. (Ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí èyí.) Bí bébà bá ti rin, mo ń pààrọ̀ rẹ̀, kí olú má baà hù. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n, tí mo sì ń fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n náà sí ìdí rẹ̀. Ọ̀kan wọn 1,800 gíráàmù ní oṣù kẹfà, ó sì dúró sórí 1,150 ní oṣù kẹwàá. Ibí yìí ni mo tún ti ṣìnà nígbà kan: abọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ ti dúró nígbà òjò kò tíì gbẹ tán, nítorí pé afẹ́fẹ́ òjò fúnra rẹ̀ lọ́rinrin, ọyẹ́ yóò sì tún fa omi mìíràn jáde. Ní báyìí, mo ń jẹ́ kí ọyẹ́ kan kọjá lórí rẹ̀ nínú bébà kí n tó yí i ní àyípárí.

Ẹ bo imú àti ojú yín nígbà náà, nítorí máńgòrò àti kajú jẹ́ ìbátan, ìyẹ̀fun igi rẹ̀ sì lè mú kí ara yún ẹlòmíràn.

Àwọn oníbàárà fẹ́ràn abọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí yóò máa gbé nínú kíṣìnnì kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́; mo ń fi nǹkan bíi 8 mìlímítà sílẹ̀ ní etí rẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta ẹnu rẹ̀, ó kéré tán. Òróró ẹ̀pà kò dára láti fi pa á, nítorí yóò kan. Òróró paraffin tí àwọn apòògùn ń tà, tí a yọ́ ìda oyin díẹ̀ sí, ni mo ń lò. Ẹ̀pà, ọsàn tàbí iṣu sísè ni kí ẹ máa bù sí i; ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi, bí ara rẹ̀ bá sì ti ń funfun, ẹ tún un pa.