Ta ni magasíìnì ilé ń bá sọ̀rọ̀?

Àga funfun kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Inú magasíìnì ilé ni mo ti rí i: pálọ̀ gbòòrò, àga onítìmùtìmù tó funfun báláú, oòrùn òwúrọ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé. Mo gé ojú ewé náà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì fi oṣù mẹ́jọ tọ́jú owó kí n tó ra èyí tó jọ ọ́. Ọmọ méjì ló wà nílé wa nígbà náà, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́ta, èkejì ọmọ ọdún márùn-ún. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bírò aláwọ̀ búlúù fi fa ìlà gbọọrọ láti apá àga náà dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi omi ọṣẹ nù ún, ó ràn. Mo tún un nù, ó ràn sí i. Nígbà tó yá, mo da aṣọ bò ó.

Inú bí mi sí àwọn ọmọ, inú sì bí mi sí magasíìnì náà. Ọjọ́ tí ara mi balẹ̀ ni mo tó padà wo ojú ewé yẹn dáadáa. Kò sí bàtà nílẹ̀ nínú àwòrán náà. Kò sí ohun ìṣeré ọmọdé, kò tiẹ̀ sí wáyà lára iná orí tábìlì. Mo wá ṣí àwọn ojú ewé ìpolówó tó yí i ká: aago ọwọ́ olówó iyebíye, ẹ̀gbà ọrùn, báńkì tó ń bá àwọn olówó tọ́jú ọrọ̀ wọn. Kò sí ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ kan ṣoṣo. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Látìgbà náà, ìpolówó ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, ohun tí mo sì máa rọ ẹ̀yin náà pé kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn. Owó tí à ń fi ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan kì í sábà tó gbé e jáde. Àwọn tó ń polówó ọjà ló máa ń gbé apá tó pọ̀ nínú ìnáwó náà, wọ́n sì mọ irú èèyàn tí wọ́n fẹ́ kó rí ọjà wọn. Ilé tó máa wu ẹni yẹn ni olóòtú ń wá kiri. Tẹ́ ẹ bá rí ìpolówó ọ̀dà, ìṣó àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, ẹni tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wo Better Homes and Gardens. Edwin Meredith ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1922 ní Des Moines, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Fruit, Garden and Home ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 1924. Ìwé àwọn àgbẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, lójú tèmi ó sì hàn nínú bí ìwé náà ṣe ń sọ̀rọ̀: gbin èyí báyìí, kun ìyẹn báyìí. Architectural Digest ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1920, ilé àwọn gbajúmọ̀ àti olówó ló sì fi lókìkí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni bí a ṣe ń kun ògiri. Kò sí èyí tó ń tan ẹnikẹ́ni jẹ nínú méjèèjì. Ìkíni tí wọ́n kí ẹlòmíì ni mo lọ dáhùn.

Àwòrán inú wọn náà ní àṣírí tirẹ̀. Wọ́n wá ya ilé ọ̀rẹ́ mi kan fún magasíìnì, mo sì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Wọ́n fi téèpù lẹ wáyà iná mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n to òdòdó tí wọ́n kó wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àga kan síbi tó ti dára jù lójú kámẹ́rà, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná gan-an. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó ráyè wọ ilé ìdáná. Nígbà tí ìwé náà jáde, ibi tí wọ́n gbé àga yẹn sí ni gbogbo èèyàn ń yìn.

Nígbà tí Dwell kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2000, Karrie Jacobs tó jẹ́ olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́ kọ àpilẹ̀kọ kan láti fi ta ko irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìyẹn ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀, àfi abọ́ èso tí wọ́n tò rèǹtèrente. Apartamento, tó bẹ̀rẹ̀ ní Barcelona lọ́dún 2008, tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé bó ṣe wà, pẹ̀lú ẹrù àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Inú irú wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí ilé tó jọ tèmi.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ò fẹ́ ìyẹn. The World of Interiors ni tiwọn, èyí tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní London láti ọdún 1981, tí ilé àtijọ́ àti ilé ṣàrà-ọ̀tọ̀ kún inú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti rà látinú rẹ̀. Wọ́n ní, “Mi ò ra nǹkan kan rí, ọmọ mi. Ojú mi ni mò ń fún lóúnjẹ.” Mo gbà pẹ̀lú ìyá. Ẹni tó ń kà á kí ojú lè gbádùn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àga tuntun.

Mo ṣì ń gé ojú ewé, ṣùgbọ́n ní báyìí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀: ohun náà gan-an tó wù mí níbẹ̀. Kì í tètè yé mi. Màá rò pé àga ni, tó bá di ọjọ́ kejì màá rí i pé àyè tó wà láàárín àga àti ògiri ni, tàbí bí wọ́n ṣe gbé iná sísàlẹ̀ dípò òkè àjà. Nígbà tí mo yí ojú ewé àga funfun yẹn padà láti kọ tirẹ̀, “fèrèsé” ni mo kọ. Mo tú kọ́tìnì tó nípọn kúrò ní pálọ̀ wa, mo ti àga alábàwọ́n bírò lọ sábẹ́ fèrèsé pẹ̀lú aṣọ tó wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ sì gùn ún lọ jókòó síbi tí oòrùn bà lé.