Eggnog Nínú Oṣù Keje

Ní Houston níbí, tí Kérésìmesì bá ti kọjá pẹ́nrẹ́n, eggnog, ohun mímu dídùn tí wọ́n ń fi ẹyin àti mílíìkì ṣe, á pòórá ní ṣọ́ọ̀bù. Mo bèèrè rẹ̀ nínú oṣù kejì, ọmọ tó ń to ọjà wò mí bí ẹni tó ń wá àgbàdo tútù nínú ọyẹ́. Ló bá di pé kí n máa ṣe é fúnra mi.

Pupa ẹyin mẹ́fà, ìdajì ife ṣúgà, ife mílíìkì méjì, ife kírímù kan. Mo máa ń po ẹyin mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun díẹ̀, mo á sì gbé mílíìkì àti kírímù kaná. Ẹ gbọ́ o, ẹ má da mílíìkì gbígbóná lé ẹyin lórí lẹ́ẹ̀kan náà! Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹyin díndín oníṣúgà ni mo bá nínú abọ́. Ọkọ mi ní ká kúkú wá búrẹ́dì sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà á, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ tó dá gbogbo rẹ̀ padà sórí iná kékeré títí yóò fi gbóná dé 71°C, nítorí kòkòrò inú ẹyin.

Mo á wá rin nutmeg sí i, èyí tí a ń fi sí ṣinṣín náà ni. Ó di fíríìjì mọ́jú. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mu ún tán.

Nígbà tí màámi wá kí wa nínú oṣù keje, wọ́n mu ife méjì.

“Ògì ẹlẹ́yin rèé,” ni wọ́n wí. “Àkàrà rẹ̀ ńkọ́?”