Iṣẹ́ ni kí a wò ká tó sọ ẹ̀rọ lórúkọ

Ọjọ́rú

Orúkọ ni mo ń yí padà láti àárọ̀. Kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ni, kò sì sóhun tó ṣe é. Àmọ́ àwọn orúkọ bíi RLY2, SENS_A àti OUT7 ló kún inú rẹ̀; ẹni tó bá ń kà á gbọ́dọ̀ ṣí àwòrán wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí àwòrán, K2 dára fún relay (suwíìṣì tí iná ń ṣí tàbí tì), torí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nọ́mbà rẹ̀. Nínú kóòdù, radiator_fan_relay (relay fáànù radiator) ló ń sọ nǹkan fún mi. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀rọ ni pínì (ojú ibi tí wáyà rẹ̀ ti wọ kọ̀ǹpútà), wọ́n sì lè ṣí i nípò lọ́la.

Suwíìṣì ilẹ̀kùn ló gba àkókò mi jù. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, bí ilẹ̀kùn bá ṣí, suwíìṣì á so wáyà mọ́ ara ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á sì ka òdo. Nítorí náà, door_switch = 0 túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn ṣí! Ta ló máa rántí ìyẹn ní òru? Mo pe pínì fúnra rẹ̀ ní door_sw_n, kí lẹ́tà “n” tó gbẹ̀yìn yẹn lè kìlọ̀ pé òdo ló túmọ̀ sí “ó ṣí”. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti yí òdo náà padà sí “bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣí”. Gbogbo kóòdù yòókù ń rí driver_door_open. Driver ni mo kọ, n kò kọ left, torí ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí ní Japan.

Ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru omi ẹ́ńjìnnì tún wà ńbẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni fóltéèjì rẹ̀ sábà máa ń lọ sílẹ̀. Orúkọ coolant (omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì) lásán kò sọ bóyá mílífólítì ni tàbí dígírì, mo bá ya coolant_mv sọ́tọ̀ kúrò lára coolant_degc. Lọ́dún 1999, àṣìṣe ìwọ̀n irú èyí ló pa Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars: sọ́fítíwia kan ń fi ìwọ̀n pọ́n-ùn ránṣẹ́, èkejì ń retí newton, ìwọ̀n mìíràn.

Mi ò fọwọ́ kan orúkọ kl15_on. Ìlànà Jámánì, DIN 72552, ló fún wáyà tó ń gba iná tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ ní nọ́mbà 15, 30 sì ni èyí tó ń ti bátìrì wá tààrà. Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tó bá rí ignition_on yóò ṣì béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé 15 ni.