Orúkọ olórin kan, fódà mẹ́rin

Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ òní ni kíkó orin inú CD sórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó wà lórí tábìlì ni Juju Music ti King Sunny Adé, tó jáde ní 1982, orin méje ló wà nínú rẹ̀.

CD kì í sábà gbé orúkọ orin kankan dání. Iye orin àti gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló wà lára rẹ̀, gígùn yẹn sì ni kọ̀ǹpútà fi ń wá orúkọ nínú àkójọ bíi MusicBrainz tàbí gnudb. Ibẹ̀ ni jùjú, fújì àti àpàlà ti máa ń níṣòro. CD wọn tó ní orin méjì péré pọ̀, ojú kan àwo àtijọ́ fún orin kan. Bí orin bá ti kéré níye tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gnudb ń lò lè bá ti CD mìíràn dọ́gba pátápátá. Orúkọ orin àwọn ará Jámánì lè wá jókòó sórí àwo fújì. Ẹ̀yìn páálí ni kí o gbà gbọ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Exact Audio Copy, ètò tó ń fa orin kúrò nínú CD, ni kí o fi fà á, ní "secure mode" (tó ń yẹ ohun tó kà wò), kí o sì fi pamọ́ bíi fáìlì FLAC. Ìṣẹ́jú kan orin CD tó nǹkan bíi 10 MB. FLAC á dín in kù sí nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, láìsọ ohun kankan nù. Bí AccurateRip, àkójọ tí a fi ń wò ó bóyá ohun tí a fà bá tàwọn ẹlòmíràn mu, kò bá mọ CD náà, tí kì í sì í sábà mọ tiwa, lo "Test & Copy": á ka orin lẹ́ẹ̀mejì, CRC (nọ́ńbà àyẹ̀wò ohun tó kà) méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, fi aṣọ rírọ̀ nu CD láti àárín bọ̀ létí. Má nù ún ní òbìrípo, torí ìhà yẹn ni orin ń gbà, ìhà yẹn náà sì ni ìlà tí nǹkan bá fà sára CD ti ń ba orin jẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló gba sùúrù jù. King Sunny Ade, King Sunny Adé, Sunny Ade, King Sunny Adé & His African Beats: fódà mẹ́rin nìyẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni. Kọ èyí tó wà lára páálí sí ARTIST (ọ̀kan nínú àwọn tag, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa orin tó ń wà nínú fáìlì rẹ̀), ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni kó máa wà ní ALBUMARTIST lórí gbogbo àwo rẹ̀. MusicBrainz máa ń fi "Adé" ṣíwájú ní ARTISTSORT, tag tí kọ̀ǹpútà fi ń to orúkọ lẹ́sẹẹsẹ. Ní tèmi, "Sunny Ade" ló yẹ níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń wá Sunny lábẹ́ A.

Orin kẹta, "Mo Beru Agba" ni wọ́n tẹ̀ sára páálí. Àgbà ni àbí agbá? Mo bẹ̀rù àgbà ni kí o kọ sí TITLE, kí o fi èyí tí kò lámì sí TITLESORT. Wo ẹ̀ inú bẹ̀rù dáadáa. Kíbọọ̀dù kan á kọ ẹ, U+1EB9 (nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode), á wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, lé e. Òmíràn á kọ è, U+00E8, á wá fi àmì abẹ́, U+0323, sí i nídìí. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò á kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì, wàá wá orin títí, o ò ní rí i. Ti àkọ́kọ́ ni ìlànà NFC, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà Unicode fún títo lẹ́tà àti àmì. Kọ gbogbo orúkọ sínú fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan, kí o máa dà á kọ láti ibẹ̀. Má tún un tẹ̀. Bí MP3 lo bá ń ṣe, pa ID3v1, irú tag MP3 àtijọ́, tì: lẹ́tà 30 péré ló ń gbà fún àkọlé, kò sì mọ ẹ, ọ tàbí ṣ. ID3v2.3 pẹ̀lú UTF-16, ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó mọ gbogbo wọn, ló dáa.

Orin kẹfà ni "365 Is My Number/The Message". Nínú tag, ìlà dídagun (/) yẹn kò ṣe nǹkan kan. Lórúkọ fáìlì, kọ̀ǹpútà á rò pé fódà tuntun ló bẹ̀rẹ̀. Picard, ètò MusicBrainz tó ń kọ tag, tó sì ń to orúkọ fáìlì, ń fi _ rọ́pò rẹ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí wọ́n tẹ CD kọ́ ni ọdún orin. Bí CD bá so àwo méjì àtijọ́ pọ̀, ya wọ́n sí fódà méjì, kí kálukú gba ọdún tirẹ̀ àti nọ́ńbà orin láti 01. Ìlà tí mo fi ń tò wọ́n ní Picard nìyí:

%albumartist%/%originalyear% - %album%/$num(%tracknumber%,2) %title%

Bí rédíò ọkọ̀ kò bá lè ka àmì, tẹ "Replace non-ASCII characters" níbi ìtò orúkọ fáìlì. Orúkọ fáìlì nìkan ló ń bọ́ àmì sílẹ̀. Àwọn tag inú rẹ̀ á ṣì pé.