Ẹ bi ẹni tó fẹ́ gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù yín léèrè ohun tó máa ń bá nísàlẹ̀

Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun fẹ́ gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yín?" Ọ̀pọ̀ kì í ní èsì. Wọ́n ti béèrè iye owó, wọ́n ti béèrè iye mítà, wọ́n tiẹ̀ ti mọ irú táńkì tí wọ́n fẹ́ gbé sókè, ṣùgbọ́n wọn ò mọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dá lu. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló máa sọ irú ẹni tó yẹ kí wọ́n pè.

Èmi kì í ṣe onímọ̀ nípa ilẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ ni mo dúró sí tí mo fi ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé odò kan ń ṣàn nísàlẹ̀, pé ká ṣáà ti gbẹ́ ẹ débẹ̀. Yàtọ̀ sí ibi tí òkúta ẹfun wà, tí omi máa ń jẹ ẹ́ di ihò ńláńlá, irú odò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àárín hóró iyanrìn ni omi ń sá pa mọ́ sí, tàbí ibi tí àpáta ti lanu. Amọ̀ náà ń mu omi yó, àmọ́ ahun ni, kì í jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun.

Níbi tí iyanrìn bá nípọn, ohun tí aládùúgbò yín bá nísàlẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀yin náà máa bá. Kí iyanrìn má kún inú páìpù ni wàhálà ibẹ̀. Lórí akọ òkúta, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Bí àpáta ò bá lanu, omi ò ríbi wọ̀. Ilé kan lè rí omi rẹpẹtẹ, kí èyí tí wọ́n jọ pààlà má rí ju eruku lọ. Omi irú ilẹ̀ yìí sábà máa ń wà níbi tí àpáta ti jẹrà di yẹ̀pẹ̀ lókè, àti nínú àwọn ibi tó ti lanu lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni ojú wọ̀nyẹn ń dín kù, nítorí ẹrù tó wà lókè ń tẹ̀ wọ́n pa dé. Tí ọ̀gá bá wá ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká ṣì máa lọ, a máa bá a," tó sì jẹ́ pé mítà-mítà lẹ fi ń sanwó fún un, ẹ fura.

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ó dára, mi ò lè gbà kí wọ́n gbẹ́ orí àpáta láìṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í rí omi. Bí iná mànàmáná ṣe ń kọjá nínú ilẹ̀ ló ń wọ̀n, amọ̀ tútù sì ń gba iná kọjá dáadáa. Ẹni tí kò mọ àdúgbò lè rí amọ̀ kó pè é ní omi.

Báwo lẹ ṣe máa rí ẹni tó mọ̀ ọ́n? Ẹ lọ bá àwọn tí omi wọn kì í gbẹ nígbà tí ọ̀dá bá mú jù, kí ẹ béèrè ẹni tó gbẹ́ ti wọn. Ẹ wá bi ọ̀gá náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí ẹ gbẹ́ lẹ́bàá wa yẹn, kí lẹ bá?" Mo bi ẹnì kan bẹ́ẹ̀, ó fa ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká kò yọ, ó ń kà á: yẹ̀pẹ̀ pupa dé mítà 6, amọ̀ funfun dé 14, àpáta jíjẹrà dé 27, omi wọlé ní 31. Ẹlòmíràn tí mo bi ní, "Kò síbi tí omi ò sí." Mi ò pè é mọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n máa to ohun tó ń jáde sílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì, mítà kan, òkìtì kan. Ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ra bí ẹ ṣe ń fọwọ́ pa á, amọ̀ ni. Èyí tó bá rí ṣákaṣàka lọ́wọ́, iyanrìn tàbí àpáta jíjẹrà ni, ibẹ̀ sì ni páìpù oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà wọlé yẹ kó kọjú sí. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù lókè, torí omi ìdọ̀tí ń gba ibẹ̀ wọlé, àwọn kan sì ń fò ó nítorí pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Ní ti bí bọ́ọ̀hóòlù ṣe yẹ kó jìnnà sí sọ́kàwéè àti ṣáláńgá tó, mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Tí àpáta tó lanu bá sún mọ́ òkè, ẹ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi tó mọ́ gaara náà nílò àyẹ̀wò. Omi ilẹ̀ akọ òkúta lè ní fluoride nínú, ìyẹn èròjà kan tó ń ti inú òkúta yọ́ sínú omi, ojú kò sì lè rí i. Àjọ ìlera àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà kan.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ẹni tó máa ru owó rẹ̀ bí omi ò bá jáde. Kí wọ́n fa omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ẹ máa wo ibi tí omi inú ihò náà ń fà sílẹ̀ dé, kí ẹ tó ra pọ́ǹpù. Kí ọ̀gá sì tó kó irin rẹ̀ lọ, ẹ gba ẹ̀dà ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́, ohun tí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.