Ohun tí 333333331 fi kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín gbé ìwé kan wá bá mi, ó ní òun ti fi 0 títí dé 39 sínú n² + n + 41 ti Euler, onímọ̀ ìṣirò àtijọ́, práìmù (iye tó ju 1 lọ, tí kò sí iye tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀) ni gbogbo èsì tó jáde, nítorí náà kò lè yẹ̀ láéláé. Mo ní kí ó fi 40 sí i. 1681 ló já sí, èyí tí í ṣe 41 lọ́nà 41. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi.

Ẹ̀kọ́ kan ni mo fẹ́ kà fún yín: kí ẹ má ṣe pe àyẹ̀wò ní ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Ní ọdún tí mo fẹ́ jáde, mo ṣàkíyèsí pé práìmù ni 31, 331, 3331, 33331, 333331, 3333331 àti 33333331. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí mo ń lò kò gbà ju òǹkà mẹ́jọ lọ; ibi tí ojú rẹ̀ ti kún ni mo dúró sí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó ti wù kí 3 pọ̀ tó níwájú 1, práìmù ni yóò máa jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà níwájú àwọn olùkọ́, àgbà kan nínú wọn dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 333333331 sára pátákó, ó sì fi 17 pín in: 19607843, kò ṣẹ́ku ohunkóhun. Ẹnu mi wọhò. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé olùtọ́sọ́nà mi ti ka orí yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì sọ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kò gba ẹ̀rọ rárá láti mọ̀ pé àbá mi yóò yẹ̀. Ẹ sọ èyíkéyìí nínú wọn di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ fi 7 kún un, 1 tí òdo tò tẹ̀ lé ni ẹ ó rí: 31 á di 100, 331 á di 1000. Bí ẹ bá sì ń fi 31 pín 10, 100, 1000 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àṣẹ́kù wọn a máa yípo, a sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 15. Bí a bá fi 31 pín 100, 7 ni àṣẹ́kù, 7 kan náà tí a fi kún un. Nítorí náà, nígbà tí 3 bá pé mẹ́rìndínlógún níwájú 1, àṣẹ́kù 7 yẹn ni yóò tún yọ, dandan ni kí 31 pín in láìṣẹ́kù. Èyí tó ṣíwájú ìlà náà gan-an ló ba àbá mi jẹ́, mo sì ń wò ó lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin.

Fermat, onímọ̀ ìṣirò ńlá, pàápàá wo 3, 5, 17, 257 àti 65537 (ẹ yọ 1 kúrò nínú ọ̀kan, ẹ fi èyí tó kù lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi 1 kún un, èyí tó tẹ̀ lé e nìyẹn), práìmù ni gbogbo wọn, ó gbà pé bí ìyókù yóò ti rí nìyẹn, títí Euler fi rí i ní 1732 pé 641 pín èyí tó tẹ̀ lé wọn, 4294967297, láìṣẹ́kù. Àbá tí Pólya, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, gbé kalẹ̀ ní 1919 lórí bí a ti ń fọ́ àwọn iye sí práìmù kò yẹ̀ títí ó fi dé 906150257. Ta ni yóò fi ọwọ́ ka iye yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé n² + n + 41 wá padà wá lánàá pẹ̀lú ìlà mẹ́ta péré: bí n bá jẹ́ ìlọ́po 41, 41 wà nínú n², ó wà nínú n, ó sì wà nínú 41 fúnra rẹ̀. Kò lo ẹ̀rọ kankan.